Ajá lẹ́nu géètì ilé-ìwé: ibi tí òfin Ìlú Ọba dé, àti ibi tí kò dé

Ní nǹkan bí aago mẹ́ta kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ́sàn-án, ọ̀pọ̀ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Ìlú Ọba máa ń ṣí géètì wọn, àwọn ọmọ yóò sì tú jáde gìrọ́gìrọ́ sí ẹ̀gbẹ́ títì tí kò fẹ̀ ju ibi tí ènìyàn mẹ́ta lè fẹ̀gbẹ́ kẹ́gbẹ́ dúró sí. Àwọn òbí ti wà níbẹ̀ ṣáájú: àwọn kan ti kẹ̀kẹ́ ọmọ ọwọ́ wá, àwọn kan fa àbúrò tó ń jẹ bisikíìtì lọ́wọ́, àwọn mìíràn sì mú ajá dání. Ajá yẹn ni àlàyé yìí dá lé: ta ni ó ní àṣẹ láti sọ pé kí ó má dúró níbẹ̀, kí ni òfin kà sí ẹ̀ṣẹ̀, kí sì ni ìdí tí àríyànjiyàn lórí rẹ̀ kò fi tíì rọlẹ̀ láti ọdún 2023. Àwọn òbí tó ń sọ Yorùbá ní London, ní Manchester àti ní àwọn ìlú mìíràn níbẹ̀ ni mo ní lọ́kàn jù lọ bí mo ṣe ń kọ ọ́, nítorí ọ̀pọ̀ nínú wa ló jẹ́ pé bí ajá bá ń fò mọ́ ọmọ wa, a ó kàn fa ọmọ sẹ́yìn, a ó sì dákẹ́, bẹ́ẹ̀ òfin ti fún wa ní ẹnu láti sọ̀rọ̀.

Ọdún 2023 ni ọ̀rọ̀ náà gbóná janjan. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún náà, ajá kan kọlu ọmọbìnrin ọlọ́dún 11 kan ní Bordesley Green ní Birmingham, ó sì ṣe àwọn tó sáré wá gbà á sílẹ̀ léṣe. Wọ́n ní àdàlù irú ajá tí wọ́n ń pè ní XL Bully ni. Ọ̀sẹ̀ náà kò tíì parí tán nígbà tí ajá méjì pa ọkùnrin kan ní abúlé Stonnall ní Staffordshire, ní ọjọ́ 14 oṣù kan náà. Aago mẹ́ta kọjá mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ọ̀sán ni ìpè dé ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá, ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ abúlé náà kò sì jìnnà síbẹ̀. Ní ọjọ́ kejì, Rishi Sunak, tó jẹ́ olórí ìjọba nígbà náà, kéde pé ìjọba yóò fi òfin de irú ajá bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà ti wà nílẹ̀ tipẹ́ kí ó tó dé ibẹ̀. Ní oṣù Kọkànlá 2021, XL Bully kan ti pa ọmọkùnrin ọlọ́dún 10 ní Caerphilly ní Wales, nínú ilé ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí ó yà lọ ṣeré lẹ́yìn tí ilé-ìwé parí. Ilé-ẹjọ́ rán àwọn méjì tí ajá náà wà ní ìkáwọ́ wọn lẹ́wọ̀n ní 2022, ṣùgbọ́n láti ìgbà náà ni àwọn òbí ti ń béèrè ohun tí òfin lè ṣe kí irú rẹ̀ tó ṣẹlẹ̀, dípò lẹ́yìn tó bá ti ṣẹlẹ̀.

Ìpele ìpele ni òfin tuntun náà fi wọlé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Wales. Láti ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá 2023, ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ ta XL Bully, kò gbọ́dọ̀ mú un bímọ, kò gbọ́dọ̀ fi ta ẹlòmíràn lọ́rẹ, kò sì gbọ́dọ̀ já a sílẹ̀ sí títì. Bí wọ́n bá sì mú un jáde, okùn gbọ́dọ̀ wà lọ́rùn rẹ̀, ohun ìdènu sì gbọ́dọ̀ wà lẹ́nu rẹ̀. Láti ọjọ́ kìíní oṣù Kejì 2024, ẹni tó bá ní i láìní ìwé àyọ̀ǹda lọ́wọ́ ti dáràn. Owó ìwé náà nígbà náà jẹ́ £92.40, kò sì tán síbẹ̀: wọ́n gbọ́dọ̀ ṣe iṣẹ́ abẹ fún ajá náà kí ó má lè bímọ mọ́, wọ́n gbọ́dọ̀ fi ṣíìpù ìdánimọ̀ sí abẹ́ awọ rẹ̀, wọ́n sì gbọ́dọ̀ san owó adójútòfò nítorí ẹni tí ó bá ṣe léṣe. Ajá tó lé ní 50,000 ni àwọn olówó wọn ti gba ìwé yìí fún. Scotland àti Northern Ireland ṣe tiwọn láàárín ọdún 2024.

Mo gbà pé ìjọba ní ìdí tó tẹ̀wọ̀n láti ṣe òfin yìí. Síbẹ̀, tí a bá dúró lẹ́nu géètì kan, tí a sì ń wo àwọn ajá tó wà níbẹ̀, a ó rí i pé ìbéèrè nípa irú ajá tí ó jẹ́ kọ́ ni ó ṣe pàtàkì jù. Ẹni tó ní XL Bully tí ó sì ń pa òfin mọ́ ti dí i lẹ́nu, ó sì ti so ó mọ́lẹ̀. Ajá tí ó ń fò mọ́ ọmọ ọlọ́dún mẹ́rin láti gba bisikíìtì lọ́wọ́ rẹ̀, ó lè jẹ́ Labrador tí gbogbo àdúgbò fẹ́ràn. Ajá kékeré tí wọ́n so mọ́ irin ọgbà ilé-ìwé, tí olówó rẹ̀ sì wọlé lọ bá olùkọ́ sọ̀rọ̀, kò sí nínú ìwé irú ajá kankan tí òfin dè, ṣùgbọ́n ó ní eyín.

Àṣìlóye yìí kì í ṣe tuntun. Ní 1991, lẹ́yìn tí ajá pit bull kan ṣe ọmọbìnrin ọlọ́dún mẹ́fà léṣe gidigidi ní Bradford, ìjọba yára gbé Òfin Ajá Eléwu kalẹ̀. Kenneth Baker ni mínísítà ọ̀rọ̀ abẹ́lé nígbà náà, òfin náà sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù Kẹjọ ọdún yẹn. Irú ajá mẹ́rin ni wọ́n dè: pit bull terrier, Tosa ti Japan, Dogo Argentino àti Fila Brasileiro. XL Bully ni ìkarùn-ún. Láti 1991, nígbà tí ènìyàn bá dárúkọ òfin náà, irú ajá tí wọ́n dè ni ọkàn rẹ̀ máa ń lọ sí, èyí tí ó wà ní abala kìíní. Ohun tó kan ẹnu géètì wà ní abala kẹta, níbi tí ọ̀pọ̀ òbí kò tíì kà dé.

Abala kẹta kò dárúkọ irú ajá kankan. Ó sọ pé ẹ̀ṣẹ̀ ni kí ajá, èyíówù kí ó jẹ́, wà láìsí ìkáwọ́ lọ́nà tó léwu. Ohun tí òfin náà sì pè ní wíwà láìsí ìkáwọ́ lọ́nà tó léwu ni èyí tí ó yẹ kí gbogbo òbí há sórí: bí ìdí gidi bá wà fún ẹnìkan láti bẹ̀rù pé ajá náà yóò ṣe òun tàbí ẹlòmíràn léṣe, ẹ̀ṣẹ̀ ti ṣẹ̀, bí ajá náà bá bu ènìyàn jẹ tàbí kò bu ènìyàn jẹ. Kò dìgbà tí ẹ̀jẹ̀ bá jáde. Ajá tó já mọ́ ọmọ, tó ń gbó, tó ń fi eyín hàn, tí olówó rẹ̀ kò sì lè fà á padà, ó ti tó kí ọlọ́pàá dá sí i. Lóòótọ́ ni pé ẹ̀rù náà gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí ènìyàn tó ní làákàyè lè ní. Òbí tó jẹ́ pé ajá tó jókòó jẹ́ẹ́ lẹ́sẹ̀ olówó rẹ̀ ló ń bà á lẹ́rù kò lè tìtorí rẹ̀ pe ẹnikẹ́ni lẹ́jọ́. Ìjìyà rẹ̀ kò kéré. Bí ajá kò bá tíì ṣe ẹnikẹ́ni léṣe, ẹ̀wọ̀n rẹ̀ lè tó oṣù mẹ́fà; bí ó bá ṣe ènìyàn léṣe, ó lè tó ọdún márùn-ún; bí ó bá pa ènìyàn, ó lè tó ọdún 14. Láti oṣù Karùn-ún 2014 ni òfin náà sì ti kan ohun tó bá ṣẹlẹ̀ nínú ọgbà aládàáni pẹ̀lú, bí ó ti kan ti ìta gbangba. Kì í ṣe ẹni tó ra ajá nìkan ló máa dáhùn. Ẹni tó mú un dání lọ́jọ́ náà wà lábẹ́ òfin yìí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ńṣe ni ó ń bá aládùúgbò rìn ín.

Ibi tí òfin dákẹ́ sí ni ọ̀rọ̀ okùn. Ó máa ń ya àwọn ènìyàn lẹ́nu láti gbọ́ pé kò sí òfin kan ṣoṣo, tó kan gbogbo ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí ó sọ pé gbogbo ajá gbọ́dọ̀ wà lórí okùn ní gbogbo títì. Ohun tí ó jẹ́ dandan níbi gbogbo ni pé kí bẹ́líìtì ọrùn wà lára ajá tó bá wà ní ìta, kí orúkọ àti àdírẹ́sì olówó rẹ̀ sì wà lára bẹ́líìtì náà. Ìlànà yìí ti wà láti 1992. Láti oṣù Kẹrin 2016 ni ṣíìpù ìdánimọ̀ ti di dandan fún ajá tó bá ti lé ní ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ìwé àṣẹ tí olówó ajá máa ń rà lọ́dọọdún nígbà kan rí, ìjọba ti fagi lé e ní ìparí àwọn ọdún 1980, nígbà tí owó rẹ̀ kò ju pẹ́nì 37 lọ. Nítorí náà, kò sí ìwé kan lónìí tí yóò sọ fún káńsù iye ajá tó wà ní àdúgbò ilé-ìwé kan.

Ní ti ẹni tó ní àṣẹ, ìlà géètì ni ó pín in. Ilẹ̀ tó wà nínú ọgbà jẹ́ ti ilé-ìwé, ọ̀gá ilé-ìwé àti ìgbìmọ̀ alábòójútó rẹ̀ ni wọ́n sì ń pinnu ohun tó lè wọ ibẹ̀. Wọ́n lè sọ pé ajá kankan kò gbọ́dọ̀ wọlé, yàtọ̀ sí ajá tó ń ran aláàbọ̀ ara lọ́wọ́, wọ́n sì lè ní kí òbí tó bá kọ̀ jáde. Òfin ètò ẹ̀kọ́ ti 1996 wà lẹ́yìn wọn bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ da ọgbà náà rú. Ṣùgbọ́n bí ènìyàn bá ti ṣí ẹsẹ̀ kan kọjá géètì sí ẹ̀gbẹ́ títì, ilẹ̀ gbogboogbò ló wà yẹn. Ọ̀gá ilé-ìwé lè bẹ òbí níbẹ̀, ó lè kọ lẹ́tà, ó lè lẹ ìkìlọ̀ mọ́ ògiri, ṣùgbọ́n kò ní àṣẹ láti lé ajá kúrò. Èyí ni ó ń fa ìjà láàárín àwọn òbí àti ilé-ìwé jù. Òbí yóò rò pé ọ̀gá ilé-ìwé kò kọbi ara sí ọ̀rọ̀ òun, nígbà tí ó jẹ́ pé agbára rẹ̀ kò kọjá ẹnu ọ̀nà.

Káńsù ni ó ni àṣẹ ní apá ìta náà, lábẹ́ òfin kan tí wọ́n ṣe ní 2014. Òfin náà jẹ́ kí káńsù lè pa àṣẹ fún àyè gbogboogbò tí wọ́n bá yà sọ́tọ̀: pé kí ajá wà lórí okùn níbẹ̀, pé kí okùn náà má gùn ju ìwọ̀n kan lọ, pé kí olówó ajá kó ìgbẹ́ rẹ̀, tàbí pé kí ajá má wọ ibẹ̀ rárá. Ẹni tó bá tàpá sí i lè san ìtanràn tó £100 lójú ẹsẹ̀, tàbí tó £1,000 bí ó bá dé ilé-ẹjọ́. Ọ̀pọ̀ káńsù ti lo agbára yìí fún pápá ìṣeré ọmọdé. Ẹ̀gbẹ́ títì iwájú ilé-ìwé kò sí nínú èyí tí ọ̀pọ̀ nínú wọn kọ sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ níbẹ̀ ni ọmọ pọ̀ sí jù láàárín wákàtí kan ṣoṣo lójúmọ́. Èmi kò rí ìdí tí pápá ìṣeré yóò fi ní ààbò tí ẹnu géètì kò ní. Ní ti ìgbẹ́ ajá, mo kàn fẹ́ sọ pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀gbin nìkan. Ẹyin kòkòrò kan tí wọ́n ń pè ní Toxocara lè wà nínú rẹ̀, ó sì lè ba ojú ọmọdé jẹ́ bí ó bá gba ọwọ́ wọ ẹnu rẹ̀.

Kí a kúrò lórí òfin díẹ̀, kí a wo ajá fúnra rẹ̀, nítorí pé ẹni tí kò bá mọ ohun tí ajá ń rí lẹ́nu géètì kò lè mọ ìdí tí ajá tí kò tíì bu ẹnikẹ́ni jẹ rí fi lè bu ọmọ jẹ níbẹ̀. Ojú ọmọ ọlọ́dún márùn-ún kò jìnnà sí ojú ajá ńlá. Bí ọmọ bá tẹjú mọ́ ọn, ajá lè kà á sí ìpèníjà. Oúnjẹ tó wà lọ́wọ́ ọmọ wà ní ọ̀gangan imú rẹ̀. Àwọn ọmọ ń sáré, wọ́n ń kígbe, báàgì wọn ń gbá a lórí, kẹ̀kẹ́ ọmọ ọwọ́ ń gun ìrù rẹ̀. Bí ajá bá wà ní gbangba tí nǹkan sì dà á láàmú, ohun àkọ́kọ́ tí yóò ṣe ni pé kí ó kúrò níbẹ̀. Èyí tí wọ́n so mọ́ irin kò lè kúrò. Ìkìlọ̀ rẹ̀ máa ń bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò fura sí: yóò yí ojú kúrò, yóò máa lá ètè láìsí oúnjẹ, yóò máa yán láìsí oorun, yóò ki ìrù bọ abẹ́ itan, funfun ẹyinjú rẹ̀ yóò hàn, ara rẹ̀ yóò wá le gbagidi. Lẹ́yìn gbogbo èyí ni ó tó kùn, kí ó tó di pé ó bu ni jẹ. Ọmọdé kì í rí ìkankan nínú wọn. Àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Lincoln fi àwòrán ojú ajá han àwọn ọmọdé, wọ́n sì rí i pé àwọn tó kéré nínú wọn máa ń rò pé ajá tó ń fi eyín hàn ń rẹ́rìn-ín ni. Ọmọ tó bá rò pé ajá ń rẹ́rìn-ín sí òun yóò sún mọ́ ọn láti dì mọ́ ọn.

Ó tọ́ kí n sọ ohun kan tí kò ní jẹ́ kí ẹ̀rù ẹnu géètì fọ́ wa lójú sí èyí tó wà nínú ilé. Púpọ̀ nínú ìgbà tí ajá bá bu ọmọ kékeré jẹ, inú ilé ni, ajá tí ọmọ náà sì mọ̀ dáadáa ni: ti òbí rẹ̀, ti ẹ̀gbọ́n òbí rẹ̀, ti ọ̀rẹ́ ilé-ìwé rẹ̀. Ojú, orí àti ọrùn ni ó sì sábà máa ń bà nítorí pé ọmọ kò ga. Ìwádìí tí Yunifásítì Liverpool gbé jáde ní 2021 lórí àkọsílẹ̀ àwọn ilé-ìwòsàn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti 1998 sí 2018 fi hàn pé àgbàlagbà tí wọ́n gbà sílé ìwòsàn nítorí ajá di ìlọ́po mẹ́ta láàárín ọdún wọ̀nyẹn, nígbà tí ti ọmọdé kò fi bẹ́ẹ̀ yí padà. Ó kàn ga láti ìbẹ̀rẹ̀ ni. Ọmọ tí wọ́n pa ní Caerphilly kò kú lẹ́nu géètì. Ó ti kọjá géètì, ó sì ti wọ ilé ọ̀rẹ́. Nítorí náà, nígbà tí ìyá ọ̀rẹ́ ọmọ yín bá wá bá yín lẹ́nu géètì pé kí ọmọ yín bá àwọn lọ sílé lọ ṣeré, ìbéèrè nípa ajá yẹ kí ó wà lára ohun tí ẹ ó kọ́kọ́ béèrè, kí ojú má sì tì yín láti béèrè ibi tí ajá náà yóò wà.

Àwa Yorùbá mú tiwa wá láti ilé. Ẹni tó dàgbà ní Ìbàdàn tàbí ní Òṣogbo mọ ajá gẹ́gẹ́ bí ohun tó ń ṣọ́ ilé, tó ń bá ọdẹ lọ sóko, tàbí tó ń rìn kiri àdúgbò fúnra rẹ̀. Ó sì mọ ọ̀rọ̀ dìgbòlugi, tí ń lé gbogbo ọmọ wọlé kíá. Ìbẹ̀rù yẹn ní ìdí. Ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n kọ́ wa láti ṣe níbẹ̀ kò bá ẹnu géètì Peckham ní London mu. Bí ajá bá ń bọ̀ nílé, ọ̀pọ̀ nínú wa a bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ mú òkúta, ajá náà a sì yí padà, nítorí ó ti mọ òkúta rí. Ajá tí a tọ́ sórí àga ní London kò mọ ohun tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó lè rò pé ẹ fẹ́ bá òun ṣeré, ó sì lè rò pé ẹ fẹ́ kọlu òun, ojú yín yóò sì ti sún mọ́ ẹnu rẹ̀. A tún máa ń pariwo fún ọmọ pé "Sá!" Ohun tí ọmọ kò gbọ́dọ̀ ṣe gan-an nìyẹn, nítorí pé ohun tó bá ń sá ni ajá máa ń lé.

Ohun tí àwọn àjọ tó ń tọ́jú ẹranko bí Dogs Trust àti Blue Cross ń kọ́ àwọn ọmọ ní ilé-ìwé rọrùn, a sì lè fi Yorùbá kọ́ ọ nílé. Kí ọmọ má fọwọ́ kan ajá tí wọ́n so mọ́lẹ̀ tí olówó rẹ̀ kò sí nítòsí, kí ó má sì fọwọ́ kan èyí tó ń jẹun tàbí tó ń sùn. Bí olówó rẹ̀ bá wà níbẹ̀, kí ó kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ òbí rẹ̀, lẹ́yìn náà kí ó béèrè lọ́wọ́ olówó ajá, kí ó sì jẹ́ kí ajá náà fúnra rẹ̀ wá bá òun. Bí ajá bá sáré bọ̀, kí ó dúró gbọin-gbọin bí igi, kí ó di ọwọ́ mọ́ àyà, kí ó máa wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀, kí ó má sì sọ̀rọ̀. Bí ó bá ti gbé e ṣubú, kí ó ká ara jọ, kí ó fi ọwọ́ bo ọrùn àti etí. Ẹ jẹ́ kí ó ṣe é lójú yín nínú pálọ̀ lọ́pọ̀ ìgbà, nítorí pé ẹ̀rù kì í jẹ́ kí ọmọ rántí ohun tí a kàn fi ẹnu sọ fún un.

Bí ajá bá bu ọmọ jẹ ní Ìlú Ọba, ẹ fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ fọ ojú ọgbẹ́ náà fún ìṣẹ́jú díẹ̀, ẹ sì gbé e lọ kí dókítà wò ó bí awọ bá ti bó, nítorí pé kòkòrò àrùn inú itọ́ ajá lè mú ọgbẹ́ kékeré wú, ó sì lè nílò oògùn tàbí abẹ́rẹ́ tẹ́tánọ́ọ̀sì. Àrùn dìgbòlugi kò sí lára ajá níbẹ̀. Ní Nàìjíríà, ó wà. Ọmọ tí wọ́n bí ní London, tí ó ti mọ́ lára láti máa fọwọ́ pa ajá lórí, tí a sì mú lọ kí ìyá àgbà ní oṣù Kẹjọ, ni ọ̀rọ̀ yìí kàn jù. Àjọ ìlera àgbáyé sọ pé nǹkan bí ìdá ogójì nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tí ẹranko tí wọ́n fura sí pé ó ní dìgbòlugi bù jẹ ló jẹ́ ọmọ tí kò tíì pé ọdún 15. Bí ajá bá bù ú jẹ níbẹ̀, tàbí tí ó kàn ha á léèékánná, ọṣẹ àti omi ni ẹ ó fi fọ̀ ọ́ fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún gbáko, ilé-ìwòsàn sì ni ẹ ó gbà lọ lọ́jọ́ náà gan-an fún abẹ́rẹ́, láìdúró de ìgbà tí àmì kan yóò hàn. Bí àmì bá ti hàn, ẹ̀pa kò bóró mọ́. Ní 2025, obìnrin kan láti Yorkshire kú nípa àrùn yìí lẹ́yìn tí ajá kan ní Morocco ha á díẹ̀. Abẹ́rẹ́ ìdènà kí ènìyàn tó rìnrìn àjò wà, owó ni a sábà máa ń fi gbà á. Èyí tí wọ́n ń gún lẹ́yìn tí ajá bá ti bu ni jẹ, ọ̀fẹ́ ni lábẹ́ NHS, ètò ìlera ìjọba Ìlú Ọba, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé kí ẹ fi í sílẹ̀ títí ìsinmi yóò fi parí.

Àwọn tó ń mú ajá wá sí géètì kì í ṣe ọ̀tá ọmọ. Púpọ̀ nínú wọn jẹ́ òbí tí ó ń fi ìrìn ẹ̀ẹ̀kan ṣe ohun méjì: kí ajá rìn, kí ọmọ sì dé ilé, kí ó tó padà sẹ́nu iṣẹ́. Àwọn mìíràn ń so ajá mọ́ irin ìta nítorí pé ilé-ìwé kò jẹ́ kí ó wọlé, èyí tí ó túmọ̀ sí pé òfin tó dára nínú ọgbà ti sún ewu sí ìta. Fún irú wọn, ó ṣeé ṣe kí ọ̀rọ̀ olè wọ̀ wọ́n létí ju ọ̀rọ̀ ọmọ lọ: jíjí ajá gbé pọ̀ débi pé wọ́n ṣe òfin pàtàkì lórí rẹ̀ ní 2024, tí ẹ̀wọ̀n rẹ̀ lè tó ọdún márùn-ún, ajá tí a so sílẹ̀ láìsí ẹnikẹ́ni nídìí rẹ̀ ni ó sì rọrùn jù láti gbé lọ. Ajá tó ń fọ̀nà han afọ́jú yàtọ̀ pátápátá. Òfin ìdọ́gba ti 2010 dáàbò bo ẹni tó mú un dání, kò sì yẹ kí òbí kankan, títí kan Mùsùlùmí tó ń ṣọ́ aṣọ tí yóò fi kírun, dí i lọ́nà. Ohun tí mo rí pé ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa ni kí ilé-ìwé yan ibi kan fún àwọn tó mú ajá wá, ní ìwọ̀n bàtà mélòó kan sí géètì, ní òdìkejì títì bí ó bá ṣeé ṣe, kí ọmọ wọn lè rìn lọ bá wọn níbẹ̀ dípò kí ajá wá sí àárín èrò.

Bí ajá kan bá ń dẹ́rù ba ọmọ lemọ́lemọ́, ẹ kọ ọjọ́ àti aago sílẹ̀, ẹ kọ bí ajá náà ṣe rí àti ohun tí ó ṣe, kí ẹ sì fi ránṣẹ́ sí òṣìṣẹ́ tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ ajá ní káńsù yín. Ẹ fi ẹ̀dà rẹ̀ fún ọ̀gá ilé-ìwé. Nọ́ńbà 101 ni ti ọlọ́pàá bí kò bá sí ewu lójú ẹsẹ̀, 999 bí ajá bá ń kọlu ènìyàn lọ́wọ́. Ní Scotland, òfin 2010 fún káńsù ní agbára láti kọ ìwé ìkìlọ̀ tí yóò de olówó ajá kan ṣoṣo, tí yóò sì sọ ohun tí ó gbọ́dọ̀ máa ṣe. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Wales, àṣẹ tí káńsù pa lórí ibi gbogboogbò kì í lò ju ọdún mẹ́ta lọ kí wọ́n tó tún un yẹ̀ wò, wọ́n sì gbọ́dọ̀ gbọ́ tẹnu ará ìlú kí wọ́n tó sọ ọ́ dọ̀tun. Ìkéde ìgbìmọ̀ràn yẹn máa ń wà lórí ìkànnì káńsù fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀, díẹ̀ làwọn òbí tó ń dáhùn, àwọn olówó ajá sì máa ń dáhùn púpọ̀. Ẹ wá ọjọ́ tí ti àdúgbò yín yóò parí, kí ẹ sì kọ orúkọ títì iwájú ilé-ìwé ọmọ yín sínú èsì yín.